Nígbà Tí Kírísítà Wa Di Abẹ́rẹ́

Ọjọ́ Ajé, 2 Ẹrẹ́nà

Ooru yìí kì í ṣe kékeré. Fáànù òkè àjà láàbù ń hanrun bí àgbàlagbà, ooru náà ló sì ń fẹ́ padà sí wa lára.

Mo ṣí ìgò tí mo gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun tó yẹ kí n bá níbẹ̀ ni kírísítà, oògùn wa tó ti dì bí iyọ̀, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tó mọ́ gaara bíi dígí fèrèsé, bí mo ṣe ń bá a láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Abẹ́rẹ́ ni mo bá. Abẹ́rẹ́ funfun, tín-ín-rín, wọ́n ṣù jọ sídìí ìgò bí irun arúgbó. Mo rò pé mo jẹ́ kí omi oògùn náà tètè tutù jù ni. Mo dà á nù, mo yọ́ òmíràn nínú sìpíríìtì gbígbóná, mo bò ó, mo fi í sílẹ̀ kó máa tutù jẹ́jẹ́.

Ọjọ́rú, 4 Ẹrẹ́nà

Abẹ́rẹ́.

Mo pe Ọ̀gá kó wá wò ó. Ó fi ojú kan maikirosíkóòpù, kò pẹ́ níbẹ̀ rárá, ó ní ìgò tó dọ̀tí ló fà á. Ó ní kí wọ́n pe Bàbá Afọgò wá, ẹni tó ti ń fọ ìgò ní láàbù yìí kí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì bá a wí lójú gbogbo wa bí ẹni ń bá ọmọdé wí. Bàbá kó gbogbo ìgò tó wà lórí tábìlì, èyí tó mọ́ àtèyí tó dọ̀tí, ó gbé wọn lọ sídìí omi.

Inú bí mi. Mo sọ fún Ọ̀gá pé èmi ni mo fọ ìgò tèmi fúnra mi. Ó ní a jẹ́ pé èmi gan-an ni mi ò mọ ìgò fọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Ẹrẹ́nà

Ìgò tuntun, a ṣẹ̀ṣẹ̀ já wọn nínú páálí ni. Owó wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti èṣí. Abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Ẹrẹ́nà

Baálé mi ní kí n má gbé láàbù wọlé lónìí. Ṣùgbọ́n òun náà ló kọ́kọ́ bèèrè. Ó ní ṣé oògùn kan náà kọ́ ni, kí ló wá kan èèyàn bóyá pẹlẹbẹ ni tàbí abẹ́rẹ́?

Mo ní bíríkì kan náà lèèyàn lè fi mọ ògiri tí omi máa ń gbà wọlé, ó sì lè fi mọ èyí tí èèrà ò lè ráyè gbà. Ohun kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, bí wọ́n ṣe tò ló yàtọ̀. Èyí tó bá tò le koko, bóyá ni yóò yọ́ nínú ikùn ọmọdé, bí kò bá sì yọ́, kò ṣiṣẹ́. Ó ronú sí i. Iṣẹ́ gbàjámọ̀ ló ń ṣe, gbogbo ọ̀rọ̀ ayé sì ni ó máa ń gbé gba orí. Ó ní bí òun bá gé irun oníbàárà láti ẹ̀yìn wá síwájú, tàbí láti iwájú lọ sẹ́yìn, ṣé kì í ṣe orí kan náà ni?

Mi ò rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tó wà ní wọ́ọ̀dù ilé-ìwòsàn tó ń gba oògùn wa, gbogbo oògùn gìrì tó wà lọ́jà ni wọ́n ti lò tí kò ràn wọ́n. Tiwa yìí nìkan ló gbà fún wọn, àwa nìkan la sì ń ṣe é. Èyí tó wà lọ́wọ́ wọn kò lè kọjá àárín oṣù tó ń bọ̀, àfi bí wọ́n bá ń ṣọ́ ọ lò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Ẹrẹ́nà

Mo fi ọ̀dà lẹ ẹyọ abẹ́rẹ́ kan mọ́ orí ọ̀pá, mo tì í sínú ẹ̀rọ ẹ́ksíréè. Nígbà tó di ọ̀sán ni mo rí i pé ẹyọ kan kọ́, méjì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn bí ìbejì inú ikùn, àmì ọ̀kan ń da ti èkejì rú. Iṣẹ́ àárọ̀ ṣòfò. Mo wá òmíràn tó dá wà, mo tún bẹ̀rẹ̀. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀rọ náà ń yí i díẹ̀díẹ̀, tó ń ta àmì tó-tò-tó sójú kọ̀ǹpútà.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù náà ló jáde. Oògùn wa ni, kò sí ẹ̀gbin nínú rẹ̀, kò sí àjèjì. Ó kàn ti rí ọ̀nà mìíràn tò ni, èyí tó fún pinpin ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Mo da díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Mo da pẹlẹbẹ tó ṣẹ́ kù sínú omi kejì. Pẹlẹbẹ yọ́ lójú mi. Abẹ́rẹ́ jókòó sísàlẹ̀ bíi yanrìn. Ọmọ tó bá gbé èyí mì, bó ṣe gbé e mì náà ni yóò ṣe yà á.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Ẹrẹ́nà

Ọ̀gá ní òun yóò fi ọwọ́ ara òun ṣe é. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, tó ká apá aṣọ sókè, tó lọ dá wà ní yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Láàárọ̀ yìí ló ṣí ìgò, ó sì pẹ́ kó tó pè wá. Abẹ́rẹ́ ni.

Ó jókòó. Ó wá sọ ohun tí èmi náà ti ń rò láti ọjọ́ mélòó kan tí mi ò fẹ́ fi ẹnu mi sọ. Ó ní irúgbìn ni. Ẹyọ abẹ́rẹ́ kan tí kò tó eruku, bó bá ti já sínú omi oògùn, òun ni yóò kọ́ gbogbo ìyókù bí wọ́n ṣe máa tò, wọn ò sì ní rántí bí wọ́n ṣe ń tò tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ti wà lára ògiri báyìí, ó wà lára aṣọ, ó wà nínú irun. Ó bèèrè pé ta ló ṣí ìgò àkọ́kọ́.

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Mo ti gbọ́ pé èèyàn lè kó àìsàn ran èèyàn. Kí èèyàn máa kó àìsàn ran ìgò, orí mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i.

Ọjọ́ Ajé, 16 Ẹrẹ́nà

Wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn láàbù òkè: kí ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ má wọlé. Wọn ò kọ orúkọ mi síbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi nìkan ló ń ti ìsàlẹ̀ wá. Àwọn náà, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń rí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìgbà tí ewúrẹ́ ti wọlé tán ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn.

Bàbá Afọgò nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n ti wá mọ̀ pé kì í ṣe ìgò òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ó ní kò sì sí ẹni tó wá sọ fún òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Ẹrẹ́nà

Mo ní kí baálé mi fá orí mi.

Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú mi, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó da aṣọ bò mí lọ́rùn bó ṣe ń ṣe fún àwọn oníbàárà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí. Kò dápàárá kankan. Ó gbá irun náà jọ, ó bi mí bóyá kí òun dáná sun ún tàbí kí òun dà á nù. Mo ní kó dáná sun ún.

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi wò mí, ó sá pamọ́ sẹ́yìn àga. Ọmọ tí kò tíì ju ọdún méjì lọ, kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́. Mo ní, "Èmi ni." Ohùn mi ló gbọ́ tó fi jáde, síbẹ̀ kò jẹ́ kí n gbé òun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Ẹrẹ́nà

Mo wẹ̀, mo ha ara mi bí ìkòkò. Aṣọ tuntun, bàtà tuntun, ìbọ̀wọ́ tuntun. Mo tọrọ yàrá kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná ní òdìkejì ọgbà, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò tẹ̀ rí. Ọjọ́rú ni mo gbé ìgò kalẹ̀ síbẹ̀. Òní ni mo lọ ṣí i.

Abẹ́rẹ́. Ó tiẹ̀ tún lẹ́wà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ tuntun mi, mo sunkún. Atẹ́gùn fèrèsé ń fẹ́ sí mi lórí pípá.

Ọjọ́ Ajé, 23 Ẹrẹ́nà

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé pè mí lórí fóònù. Ó ní òun gbọ́ pé láàbù wa wà nínú wàhálà, òun sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń fọwọ́ ṣe é, kì í ṣe lẹ́nu Ọ̀gá. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ó wá sọ fún mi nípa ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Kékeré, torí pé gbogbo ẹni tó bá wọ wọ́ọ̀dù ló ń pàṣẹ fún: ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ fọwọ́, ẹ má pariwo. Kí oògùn wa tó dé, gìrì ò jẹ́ kó lè di ṣíbí mú. Ní báyìí, ó ń fi gègé kọ lẹ́tà sára ògiri, wọn ò sì ní ọkàn láti bá a wí.

"Mi ò bẹ̀ yín o," ni nọ́ọ̀sì wí. "Mo kàn ní kí ẹ mọ ẹni tí ẹ ń ṣe é fún ni."

Mi ò lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Ọjọ́rú, 25 Ẹrẹ́nà

Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe, ṣùgbọ́n tí kò tíì kan ọwọ́ wa láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ ti dé: òun la nílò. Mo ti ro ó síwá, mo ti ro ó sẹ́yìn. Gbogbo láàbù tó wà nílùú yìí ló ti gba àlejò láti ọ̀dọ̀ wa. Èmi fúnra mi kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìgò mìíràn.

Ẹnì kan ló kù. Aríran.

Orúkọ yẹn, Ọ̀gá ló sọ ọ́, kì í sì í ṣe láti fi yìn ín. Èmi àti ẹ̀ jọ wọ láàbù lọ́jọ́ kan náà ni. Lásìkò tí mo bímọ tí mo wà nílé ló rí irun funfun mẹ́ta láàárín pẹlẹbẹ inú ìgò rẹ̀, ó sì mú un wá sí ìpàdé. Ọ̀gá ní òwú gèlè rẹ̀ ló já bọ́ sínú ìgò, pé ẹni tí kò mọ́ tónítóní kò yẹ nídìí iṣẹ́ yìí, pé aríran ni, ohun tí kò sí ló ń rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kó tó di pé mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ti lọ. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní ìmọ̀ kẹ́místírì ní ìlú kan tó jìnnà.

Mo dárúkọ rẹ̀ fún Ọ̀gá lónìí. Ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Ó ní kí n ṣe ohun tí mo bá rò pé ó yẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Ẹrẹ́nà

Mo pè é lásìkò ìsinmi ọ̀sán àwọn ọmọ ilé-ìwé.

"Láàbù ló ní kó o pè mí, àbí ìwọ fúnra rẹ?"

"Èmi ni."

"Ó dáa. Ìyàwó onígbàjámọ̀, ọmọ ńkọ́?"

Mo ní ó wà. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Nígbà tí mo dórí abẹ́rẹ́, ó ní kí n dúró ná. Ó bi mí bóyá ó funfun, bóyá ó máa ń ṣù jọ sídìí ìgò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo gbọ́ tó fa àga, tó jókòó.

"Mẹ́ta péré ni tèmi," ló wí. "Mẹ́ta péré. Ó ní òwú gèlè ni."

Mo bi í bóyá ó ṣì ní ohunkóhun lọ́wọ́ tó ti láàbù wa lọ. Ó ní gbogbo aṣọ ìgbà náà pátá lòun ti kó dà nù, òun ò fẹ́ kí ojú òun rí wọn. Inú mi dùn sí èsì yẹn gẹ́gẹ́ bí onímọ̀, ó sì dùn mí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́. Ó ní òun ò ní dá mi lóhùn lónìí, àti pé bí láàbù bá nílò òun, ẹni tó ni láàbù ní ẹnu.

Ọjọ́ Ajé, 30 Ẹrẹ́nà

Ọ̀gá kọ́kọ́ ní òun ò ní pè é. Ó ní kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ ìgbà kan da iṣẹ́ rú. Mo sọ ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Kékeré fún un, bí nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́ fún mi gan-an, láìfi kún un. Ó gbé fóònù.

Apá kan ọ̀rọ̀ náà ni mo gbọ́. Ó béèrè àlàáfíà ilé. Ó ní ojú ọjọ́ gbóná. Ó ní òun gbọ́ pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ dáadáa. Gbogbo rẹ̀ ni ó sọ, àfi èyí tó yẹ kó sọ. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní ó gbà, pé ó ní torí àwọn ọmọ wọ́ọ̀dù ni, kì í ṣe torí òun. Ó sọ ọ́ bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì láìsí omi.

Ọjọ́bọ̀, 2 Igbe

A fi lúbúlúbú oògùn, sìpíríìtì àti ìgò tuntun ránṣẹ́ sí Aríran. Yàrá ìkẹ́rù kan lẹ́yìn kíláàsì ni ọ̀gá ilé-ìwé fún un. Ó ní òun ti kó àga fífọ́ inú rẹ̀ jáde, òun ti fi omi nu ògiri. Mo sọ gbogbo ohun tí yóò ṣe fún un lórí fóònù, ó sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kó tó rán mi létí pé òun ló kọ́ mi ní ìdajì rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Igbe

Ó fi àwòrán ránṣẹ́. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan tẹ̀ lé e.

Abẹ́rẹ́.

Mo sọ fóònù mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá ní okun, ògiri ni ǹ bá sọ ọ́ mọ́. Baálé mi gbé ọmọ jáde lọ sọ́dọ̀ ará ilé kejì títí tí mo fi dákẹ́.

Ọjọ́rú, 8 Igbe

Òmùgọ̀ ni mí. Lúbúlúbú tí a fi ránṣẹ́, inú ilé ìkẹ́rù wa ló ti wá. Èmi ni mo bù ú sínú ọ̀rá. Èmi ni mo so ọ̀rá náà, pẹ̀lú ọwọ́ mi yìí. Mo di irúgbìn fún un, mo tún fi owó ọkọ̀ lé e.

Mo pè é láti sọ ọ́. Ó ti mọ̀. Ó ní òun ti sun ọ̀rá náà, òun sì ti lọ gbé yàrá mìíràn ní ìgun kejì ọgbà, torí èyí àkọ́kọ́ ti bàjẹ́. Ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, kò sí yàrá mìíràn mọ́ àfi ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé.

Ó ní òun nílò nǹkan méjì. Kí lúbúlúbú ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á wá tààrà, kó má gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Kí wọ́n sì fún òun ní díẹ̀ nínú pẹlẹbẹ àtijọ́ láti fi ṣe irúgbìn rere. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń kọ́ wọn, kí pẹlẹbẹ náà wá kọ́ wọn.

Gbogbo pẹlẹbẹ ọ̀dọ̀ wa ti bàjẹ́. Ibi tó kù sí láyé yìí ni wọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Igbe

Mo bẹ nọ́ọ̀sì pé kó yọ ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan nínú oògùn tó kù, kó fi ránṣẹ́ sí Aríran láìṣí i. Ó ní ṣé mo mọ ohun tí mò ń sọ? Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan, ọmọ kan ni kò ní lò ó. Mo ní mo mọ̀. Ó ní kí n sọ fún òun pé yóò ṣiṣẹ́. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, mo sì sọ fún un pé mi ò lè sọ ọ́.

Ó ní ẹni tó bá purọ́ fún òun lónìí ni òun ì bá sọ pé rárá fún.

Ó fi ránṣẹ́ ní ọ̀sán. Kò sọ pé ti ta ni. Èmi náà ò bèèrè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Igbe

Òjò àkọ́kọ́. Ó dé pẹ̀lú ìjì, ó ká páànù kan lórí ilé ìkẹ́rù láàbù. Aríran ti gbé ìgò kalẹ̀ láti àná. Ó ní òun ò fẹ́ kí n máa pe òun, pé kírísítà kì í fẹ́ kí wọ́n máa yọjú wo òun, òun náà ò sì fẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ tó mọ́.

Ọjọ́rú, 15 Igbe

Oògùn ti tán ní wọ́ọ̀dù láti àárọ̀ àná. Gìrì mú Ọ̀gá Kékeré lónìí, ó mú un pẹ́. Wọ́n ti gbé e lọ sí yàrá àwọn tí àìsàn wọn le.

Mi ò ní nǹkan tí mo lè kọ sí i.

Ọjọ́bọ̀, 16 Igbe

Àwòrán wọlé bí mo ṣe ń wọ bàtà láàárọ̀. Mi ò fẹ́ ṣí i. Baálé mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ṣí i, ó wò ó, ó ní, "Dígí fèrèsé ni mo rí níbí o."

Pẹlẹbẹ. Pẹlẹbẹ gbogbo wọn, wọ́n tẹ́ sílẹ̀ nídìí ìgò, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú wọn kọjá.

Mo fẹ́ sáré lọ bá a. Mo ti mú báàgì. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti rántí pé bí mo bá dé ibẹ̀, èmi ni yóò bà á jẹ́. Mo gbé báàgì sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Igbe

Ojú nìkan kò tó ẹlẹ́rìí. Ẹ̀rọ ẹ́ksíréè gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ tiwa. Aríran fúnra rẹ̀ ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí yunifásítì kan tó jìnnà, ó gbé ìgò kékeré náà sórí itan jálẹ̀ ọ̀nà. Ó ní èrò tó jókòó tì í bi í bóyá omi àdúrà ni. Ó ní òun dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ajé, 20 Igbe

Òun ni. Ìtò àtijọ́ ni, àmì kọ̀ọ̀kan bọ́ sí àyè rẹ̀. Ó sì yọ́ nínú omi bó ṣe yẹ.

Apòògùn ilé-ìwòsàn ti wà lọ́nà ilé-ìwé náà láti lọ gbé irúgbìn àti láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Láti ìsinsìnyí lọ, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n á ti máa ṣe é, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà wọn. Èmi ni mo kọ òfin náà fún wọn. Mo kọ orúkọ ara mi sí àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Igbe

Nọ́ọ̀sì pè. Gbogbo àwọn ọmọ ti padà sórí oògùn. Gìrì kò mú ẹnì kankan láti ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀gá Kékeré ti jí, ó ti ń pàṣẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì lè di gègé mú. Wọ́n ní ó lè padà, ó sì lè má padà. Ó ti ń fi ọwọ́ òsì gbìyànjú lára ògiri.

Mo ní ẹ ṣeun tí ẹ sọ ìyẹn náà fún mi. Ó ní kò sí ọpẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Èbìbì

Ọ̀gá ní òun ti rán ẹnì kan lọ sọ fún Aríran pé àyè rẹ̀ ṣì wà ní láàbù. Aríran dá èsì padà pé láàbù wo? Èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣe nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́? Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti jáde. Nígbà tí mo dé ìta, ẹ̀rín náà ò sí mọ́. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù láyé, mi ò lè fọwọ́ kàn án mọ́. Abẹ́rẹ́ nìkan ló kù fún mi, àwọn nìkan ló sì máa ń gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Mo ti ń kó àmì wọn jọ, kí n lè mọ ìdí tí wọ́n fi lágídí tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Èbìbì

Ọ̀gá ní kí n wa ọkọ̀ gbé òun dé ibì kan. Kò sọ ibi tí à ń lọ títí a fi jáde nílùú. Ilé-ìwé Aríran ni.

Mo ní, "Sà, a ò gbọdọ̀ wọlé o." Ó ní òun mọ̀.

Ó ní kí n dúró sí òdìkejì títì. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú oòrùn, ó lọ dúró síbi wáyà ọgbà, pápá ìṣeré tó fẹ̀ ló wà láàárín òun àti kíláàsì. Ó ní kí ọmọ kan lọ pe olùkọ́ wá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń yọjú lójú fèrèsé. Aríran jáde, ó rí ẹni tó jẹ́, ó dúró sí òpin kejì pápá náà, ó ká ọwọ́ gbera. Kò sún mọ́ wa, a ò sì lè sún mọ́ ọn.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́ ní ọ́fíìsì. Aríran na ọwọ́ sétí.

"Mi ò gbọ́, sà."

Ọ̀gá wo ẹ̀yìn, ó wò mí nínú ọkọ̀. Ó wo àwọn ọmọ ojú fèrèsé. Ó di wáyà ọgbà mú, ó sì pariwo, ọkùnrin tí mi ò gbọ́ ariwo rẹ̀ rí àfi ti ìbáwí.

"Ẹ má bínú! Ohun tí ẹ rí, ó wà níbẹ̀! Èmi ni mi ò wò ó!"

"Ẹ", ló ní. Kò ní "o". Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ kó pe ẹnikẹ́ni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí bẹ́ẹ̀.

Aríran kúnlẹ̀ díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń kí àgbàlagbà, ó sì dìde.

"Mo ti gbọ́, sà. Ẹ kúrò nínú oòrùn yẹn. Mo ní kíláàsì."

Ó juwọ́ sí mi, ó wọlé. A gbọ́ tí àwọn ọmọ pariwo yèè, a sì gbọ́ tó ní kí wọ́n jókòó.

Ọ̀gá padà sínú ọkọ̀. Àmì wáyà ti yọ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó pa ọwọ́ dé, ó ní kí n máa wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́.